Akèrègbè Tí Mo Fọ̀

Ìyá ọkọ mi kì í ra ọkà bàbà ní ìkánjú.
Lọ́jọ́ ọjà Ìsánlú-Ìsin, yóò ti ọwọ́ bọ àpò dé ìgbúnwọ́,
yóò bu ti ìsàlẹ̀,
nítorí òkè àpò ni ọlọ́kà ń kó ẹwà sí.
Yóò gbóòórùn rẹ̀. Yóò fi eyín fọ́ hóró kan.
"Èyí ti jẹ oògùn," á wí, á dà á padà,
"ọkà tí kòkòrò ò lè jẹ, kò lè hù."

Pupa ló ń yàn, pupa bí ilẹ̀ ọ̀nà Ọ̀wù,
ti ọdún yìí, kì í ṣe ti èṣí:
"Ọkà tó pẹ́ jù nínú àká ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń hù."

Omi ńkọ́? Ẹ̀rọ omi wà lójúlé wa,
ṣùgbọ́n omi rẹ̀ ń rùn bí ilé ìwòsàn.
Odò ni à ń pọn,
a ó fi í sílẹ̀ mọ́jú kí ìdọ̀tí rẹ̀ rẹlẹ̀.

Ọkà a sùn sómi lóru kan,
a sùn sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta,
èmi a máa wọ́n omi sí i bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná.
Bí ehù bá ti gùn tó èékánná ọmọdé, ó di oòrùn.
Bó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, adùn ti bá ehù lọ.
Iná igi ayin. Orógbó méjì tí a gún,
ìkorò díẹ̀ tí yóò ká adùn lọ́wọ́ kò.
Gbogbo èyí ni mo ti mọ̀ kí n tó lo ọdún kan nílé ọkọ.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni akèrègbè.

Ó rọ̀ lẹ́yìn ìdáná,
gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ gbígbẹ lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ bí èépá ojú egbò.
Mo pè é ní ẹ̀gbin. Mo fi ọṣẹ àti iyanrìn fọ̀ ọ́
títí ó fi ń dán. Mo sá a sóòrùn. Mo ń retí ìyìn.

Ìyá fi imú sí ẹnu rẹ̀. Kò pariwo.
Ó ní, "Ìyàwó, ìyá ìyá mi ni o fọṣẹ wẹ̀ yẹn."

Ọtí ọ̀sẹ̀ náà kò hó. Ó jókòó nínú ìkòkò
bí àlejò tí kò rẹ́ni kí i.
Jóòbù ọkọ mi ra ìwúkàrà oníbúrẹ́dì wá láti Òmù-Àrán;
ó hó lóòótọ́, ó hó bí ẹni ń bínú,
àwọn àgbà tọ́ ọ wò, wọ́n ní búrẹ́dì ni, wọ́n gbé igbá kalẹ̀.

Ilé kan ṣoṣo ni gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ wa kù sí:
ilé Adúnọ́lá, tó gbà á lọ́wọ́ Ìyá nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀,
kí ààlà àkùrọ̀ tó dá ìjà sílẹ̀.
Ọdún mẹ́fà, wọn kì í kí ara wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá wé gèlè. Ó ní kí n gbé akèrègbè dání.
Orúnkún rẹ̀ ò tíì kanlẹ̀ tí Adúnọ́lá fi di apá rẹ̀ mú:
"Ẹ gbà mí o! Ohun tí ẹ fún mi lẹ fẹ́ kúnlẹ̀ gbà?"
Ó bu ú wá nínú agolo mílíìkì,
ó ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń rùn bí àgbálùmọ̀ tó ti rọ̀.
Ó gbọn agolo náà lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè tán.
Wọn ò mẹ́nu ba àkùrọ̀.

Lóru mo tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò.
Kí àkùkọ tó kọ, mo gbọ́ ọ:
ṣí, ṣí, ṣí.
Ìyá ti jí kí n tó pè é.
"Ó ti mọlé," ó wí, ó kọjú sí ògiri.

Akèrègbè ti ń dúdú padà.
Ìta rẹ̀ nìkan ni mò ń fi omi ṣàn.